Kì Í Ṣe Òróró Màmá Bísí Ló Ba Kọ̀ǹpútà Ìjọ Wa Jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nínú mi. Ǹ bá má sọ ọ́, àmọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, àbíkẹ́yìn Màmá Bísí pè láti òkè òkun, kí Màmá lè rí ọmọ ọwọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bí lójú fóònù. Màmá ká ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e jìnnà sí mi o! Ọwọ́ mi kì í bá ẹ̀rọ ṣe rere." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo fi èrò yẹn sí wọn lọ́kàn.

Nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá, ìjọ wa ní Fọlá Àgòrò ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Èmi tí ìjọ rán lọ kọ́ títẹ̀wé (Ọlọ́run ò ní gbàgbé oore wọn) ni wọ́n fi ṣe alákòóso rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láì ta òróró sí i, títí kan àga. Màmá Bísí, ìyá ìjọ, ló ń ta á. Bí oṣù bá ti lé, wọn á fi ìka kan òróró sí iwájú mọ́nítọ̀, apá tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n yẹn.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo fi àkísà nu òróró náà kúrò. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ dúdú. Ìwé ètò ìsìn ọjọ́ kejì ò sì tíì jáde. Pásítọ̀ béèrè ohun tó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ó jọ pé òróró ti wọ inú rẹ̀, sà."

Mo gbé e lọ sílé ní Bàrígà láti tún un ṣe. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo inú rẹ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń wá, mo dè é padà. Mo gbàdúrà lé e lórí. Òkùnkùn biribiri.

Ìyàwó mi tó ń gbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Dádì Tósìn, kí ni nǹkan róbótó ìsàlẹ̀ yìí?"

"Má fọwọ́ kàn án! Wàá bà á jẹ́."

"Ṣé ó tún ku ibi tó máa bàjẹ́ ni?" Ó yí i. Ojú mọ́nítọ̀ là kedere. "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ibi tí wọ́n ti ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ni. Àkísà mi ló yí i. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ó yẹ kí n lọ jẹ́wọ́. Mo jẹ́ kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Màmá Bísí, tí wọ́n tó bí mi, kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wa, wọ́n ní ká dárí ji àwọn. Mo ní, "Ẹ dìde, Mà, ó ti tán." Látọjọ́ náà, wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan mọ́. Ìyàwó mi ò yéé sọ pé kí n lọ bá wọn. Èmi náà ò yéé sọ pé lọ́la.

Ọpẹ́ ni fún Olúwa, ara Màmá ṣì le, àwàdà wọn ò sì tán. Bí mo bá lọ bá wọn nílé, wọ́n lè fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iwájú ìjọ ni wọ́n ti kúnlẹ̀. Bí mo bá sì sọ ọ́ níwájú ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí Jésù á fi dé.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọmọ òkè òkun yẹn ti fẹ́ máa hu eyín, ìyá bàbá rẹ̀ ò sì tíì rí ẹ̀rín rẹ̀.