Àrán Tí Mi Ò Wọ̀ Rí

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọge, tí mo lè sáré láti Ìba dé etí omi Ọ̀jọ́ láì mí hẹlẹ… ẹ má rẹ́rìn-ín, mo sáré rí… ìró mẹ́ta péré ni mo ní. Mẹ́ta! Ọ̀kan wà lára, ọ̀kan wà lórí okùn, ọ̀kan wà fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé níbo ni gbogbo aṣọ Màmá Àgbà wọlẹ̀ sí, tí ẹ ń wo yàrá yìí bíi pé olè ló jà mí, ẹ jókòó. Mofẹ́, tó o bá fẹ́ gba ohùn mi sínú fóònù, gbé e síbẹ̀ yẹn. Má kì í bọ̀ mí lẹ́nu, mi ò ní jẹ ẹ́.

Kò sólè kankan. Èmi ni mo kó wọn jáde. Orúnkún mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ aṣọ kan ló parí ẹ̀. Aṣọ yẹn ló fẹ́ẹ̀ gba Àbẹ̀ní lọ́wọ́ mi, Àbẹ̀ní, àbúrò mi kan ṣoṣo tó kù láyé. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Láyé ìgbà yẹn, ta ló mọ wọ́dúróòbù? Okùn la máa ń ta sí kọ̀rọ̀ yàrá, láti ìṣó dé ìṣó, aṣọ gbogbo ilé á wà lórí ẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó á wà nínú àpótí páànù ìyá wa, pẹ̀lú káfúrà. Tí wọ́n bá ti ṣí àpótí yẹn, tí òórùn káfúrà gbá ọ nímú, o ti mọ̀ pé ọjọ́ òde pé nìyẹn. Lónìí ńkọ́? Ẹnì kan á dúró níwájú aṣọ tó ga dé àjà, á ní, "Màmá, mi ò láṣọ." Mofẹ́, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Bí aṣọ ò sì ṣe pọ̀ yẹn náà, a kì í lọ sóde níhòòhò. A máa ń yá ara wa ni. Ìyá wa ní àrán kan. Àrán pupa, pupa bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Owó àgbọn ló fi rà á, àgbọn tó ń kó wá láti ọ̀nà Àgbádárìgì. Kò sẹ́ni tí ò mọ àrán yẹn ládùúgbò. Ìyàwó ń lọ sílé ọkọ, wọ́n á wá yá a. Wọ́n fẹ́ sọmọ lórúkọ, wọ́n á wá yá a. Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, wọ́n á ká a bí wọ́n ṣe bá a, wọ́n á gbé ẹja gbígbẹ méjì mẹ́ta lé abọ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n ní aṣọ àyálò kì í yẹni. Irọ́ ńlá! Àrán yẹn yẹ gbogbo wọn. Ìyá wa á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó lọ lára ẹlòmíràn, á ní, "Aṣọ tó ń rìn kì í gbó. Èyí tó jókòó ni kòkòrò ń rí jẹ."

Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Nígbà tí àìsàn dé sí Ìyá, mo ti ń ta páálí ní Ọjà Àlàbá, mo ti ní ọmọ mẹ́ta. Àárọ̀ kùtù ni mò ń jáde. Àbẹ̀ní ló dúró tì í. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń ro ògì fún un, òun ló ń gbé ìgbẹ́ dà nù. Èmi ńkọ́? Mo máa ń gbé owó wá. Mo rò pé owó náà tó.

Lọ́jọ́ kan Ìyá pè mí súnmọ́ ẹní. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ìwọ ni àkọ́bí. Ìwọ lo máa ṣí àpótí mi. Kó o pín in dáadáa. Àmọ́ àrán yẹn, Àbẹ̀ní ni kó o fún." Mo ní, "Ó ti yé mi, Ìyá."

Ó yé mi lóòótọ́, àmọ́ inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo ti dàgbà ju irọ́ lọ. Inú bí mi burúkú! Èmi àkọ́bí, èmi tí mo ń náwó… ó wá fi àrán fún ọmọ ẹ̀yìn? Mo jowú àbúrò mi. Kò lórúkọ mìíràn.

Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń pín aṣọ òkú nígbà yẹn. Wọ́n á tẹ́ ẹní, àwọn ìyá ẹbí á jókòó yí i ká, àkọ́bí obìnrin á ṣí àpótí, á máa yọ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa pín in. Nígbà tí Ìyá kú, kí wọ́n tó dé láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa pín tiẹ̀, mo ti ṣí àpótí. Mo ti fa àrán jáde, mo ti kì í bọ inú àpò ìrọ̀rí. Nígbà tí a yọ aṣọ dé ìsàlẹ̀, àbúrò ìyá wa kan ní, "Àrán dà?" Mo ní, "Ìyá ti fi yá ẹnì kan lọ́nà Àgbádárìgì."

Ta ló máa jiyàn? Àrán tó jẹ́ pé kì í gbélé! Wọ́n ní, "Ta ni ẹni náà?" Mo ní Ìyá ò dárúkọ. Gbogbo wọn mi orí. Àbẹ̀ní nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kò burú. Wọ́n á dá a padà. Kò sẹ́ni tó ń jẹ àrán Ìyá."

Hmm… Ẹ fún mi lómi.

Láti ọjọ́ yẹn, ìgbà tí mo bá ti fojú kan Àbẹ̀ní báyìí, lẹ́yìn "Ẹ kú ilé, Àǹtí mi", ohun tó kàn ni, "Ṣé ẹni tó yá àrán ti dá a padà?" Ọdún ń gorí ọdún. A ti sọ ọ́ di àwàdà. Òun ń rẹ́rìn-ín, èmi ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà, àwa méjèèjì wà lọ́jà Ọ̀jọ́. Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó ró àrán pupa. Ni Àbẹ̀ní bá di ìró mú! "Aṣọ ìyá mi nìyí! Ta ló fún ọ?" Èrò bò wá. Obìnrin yẹn ń bú sẹ́kún, ó ń búra, ó ní ọkọ òun ló rà á fún òun. Ẹnì kan ti ń pè é lólè. Èmi tí mo mọ ibi tí àrán wà, kí ni mo ṣe? Mo ní, "Àbẹ̀ní, fi í sílẹ̀, ó jọ ọ́ ni." Gbogbo ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Ojú ń tì mí dòní.

Mi ò sì wọ àrán yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níbo ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ dé tí Àbẹ̀ní ò ní gbọ́? Mo jí aṣọ tí mi ò lè ró! Ẹ ti rí irú ìwà wèrè bẹ́ẹ̀ rí?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ. Léèsì, àǹkárá, aṣọ àlòkù bọ́síkọ̀rọ̀ ìkóríta Òkókómáíkò, mò ń rà á. Bóyá mo fẹ́ fi bo ìyẹn mọ́lẹ̀ ni, mi ò mọ̀. Mo pe káfíńtà kó wá kan wọ́dúróòbù sí yàrá òkè. Inú yàrá níbẹ̀ ló ti kàn án. Àṣé ó tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ! Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò pa dé mọ́, okùn ni bàbá yín fi so ó.

Orúnkún wá dé. Bàbá yín ní kí n sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀ yìí, kí n yéé gun àtẹ̀gùn. Mo ní wọ́dúróòbù mi ńkọ́? Wọ́n ní kò lè jáde láìjẹ́ pé wọ́n fọ́ ọ. Yàrá yìí ò sì gbà ju ibùsùn àti àpótí páànù Ìyá lọ. Ni Mofẹ́ bá dé, ọmọ tí ò láṣọ rárá, ó ní òun máa bá mi ṣa aṣọ. Ó ní òun kọ́ ọ lórí fóònù. Òkìtì mẹ́ta: èyí tí a ó mú, èyí tí a ó fi tọrẹ, èyí tí a ó dà nù. Ó ní, "Màmá, aṣọ tó bá pé ọdún kan tẹ́ ẹ ò wọ̀ ọ́, kì í ṣe tiyín mọ́."

Ọmọ yìí ò mọ ohun tó sọ.

A ṣà á, a ṣà á. Mo jà fún léèsì kan, Mofẹ́ ní kí n wọ̀ ọ́ wò, kò kọjá èjìká. A rẹ́rìn-ín títí. Ó wá dé ìsàlẹ̀, ó fa àpò ìrọ̀rí yọ. "Màmá, kí lèyí?" Mo ní, "Kì í ṣe nǹkan kan." Ó tú u. "Háà, ó mà rẹwà o! Ìgbà wo lẹ wọ̀ ọ́ kẹ́yìn?" Mo ní, "Mi ò wọ̀ ọ́ rí." Ó ní, "Ó yá, òkìtì ìtọrẹ," ó sì jù ú síbẹ̀ pọ̀ǹtọ̀! Àlejò kan ì bá gbé àrán Ìyá lọ ní ti gidi, irọ́ mi ì bá di òótọ́. Mo ní, "Gbé e wá. Bá mi pe kẹ̀kẹ́. Mò ń lọ sí Ìba."

Àbẹ̀ní ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé ẹ̀ nígbà tí mo dé. "Àǹtí mi! Pẹ̀lú orúnkún yìí? Ṣé kò sí?" Mi ò lè jókòó. Mo gbé àpò lé e lẹ́sẹ̀. Ó yọ etí ẹ̀ síta, ó rí pupa yẹn. Ó pariwo, "Wọ́n ti dá a padà! Ta ló yá a?" Mo ní, "Èmi ni. Ọ̀dọ̀ mi ló wà láti ọjọ́ tí a ti ń pín aṣọ. Ìyá ní ìwọ ló ni ín. Mo jowú ẹ. Dárí jì mí."

Ó wò mí… ẹ gbọ́, kí àbúrò rẹ bú ọ sàn ju kó wò ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Obìnrin ọjà Ọ̀jọ́ yẹn." Mo ní, "Mo mọ̀." Ó ní, "Mo fìyà jẹ ẹ́, ẹ̀yin dúró síbẹ̀." Mo ní, "Mo dúró síbẹ̀." Ibi tí a ti máa rí obìnrin yẹn tọrọ àforíjì, a ò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn, mi ò rójútùú ẹ̀ títí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Àbẹ̀ní dìde, ó di àrán mú létí méjèèjì, ó gbọ̀n ọ́n kó lè rí gbogbo ẹ̀. Ó ya! Fàààà! Ojú ibi tí mo ká a sí láti gbogbo ọdún yìí wá ti jẹrà láìjẹ́ pé a mọ̀. Apá kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, apá kejì balẹ̀ sórí ẹ̀wà. Mo káwọ́ lérí. Mo ní ó tán, mo ti ba àrán Ìyá jẹ́, kò tún sí òmíràn.

Àbẹ̀ní wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Àǹtí mi, Ìyá ní kẹ́ ẹ pín aṣọ, ẹ ò pín in. Ó ti pín ara ẹ̀." Ni ẹ̀rín bá gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀rín di ẹkún, ẹkún tún di ẹ̀rín, a dì mọ́ ara wa, ẹ̀wà fọ́n káàkiri. Mo ní kó mú méjèèjì, tiẹ̀ ni. Ó ní rárá. Ó ní, "Ẹ mú apá kan, kẹ́ ẹ sì máa ró o. Mo ti wo ìdí àwọn obìnrin tó nítorí àrán yìí. Tiyín ni n ó máa wò báyìí."

Bí mo ṣe délé, mo ní kí Mofẹ́ kó gbogbo aṣọ yẹn fún ẹni tó bá lè wọ̀ ọ́. Àwọn tó wà nínú àpótí yìí, ẹ lè fi ìka ọwọ́ kan kà wọ́n. Mo ń sùn dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò tiẹ̀ yá ara yín láṣọ mọ́, kálukú ti tiẹ̀ mọ́lẹ̀… Ó ṣe. Ẹ rà á tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àmọ́ ohun tẹ́ ò lè wọ̀ lójú ẹni tó ni ín, ẹ gbé e fún un kó tó ya.

Ẹ wo ìdí mi. Òun nìyí, kò kárí, mo fi ìró mìíràn tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Mofẹ́ ní òun máa gbé e fún télọ̀ kó ṣẹ́ etí tó ya yẹn. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀ní á pè láìpẹ́, ojoojúmọ́ ló ń pè. Á ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹni tó yá àrán ti ró o lónìí?" Èmi náà á ní, "Ó ti ró o."