Mo Mọ̀ Pé Táyà Iwájú Yẹn Máa Yọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Inú ń bí mi. Orí ara mi ni ìbínú náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ǹ bá sì máa fi í pamọ́ lọ. Àmọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ará ẹgbẹ́ wa fẹ́ lọ fẹjọ́ sun alága ọjà kí wọ́n lè lé bàbá kan kúrò níbi tó ti ń tajà l'Ówódé Onírin, nítorí ohun tí bàbá náà kò ṣe. Èmi ni wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ìkòsì ni mo ń gbé. Obìnrin ni mí, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí mo jáde ní yunifásítì. Mi ò kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan tó máa ń gun báísíkù láàárọ̀ Sátidé. Kì í ṣe orí títì la ti ń gùn ún. Lẹ́yìn Ìṣẹrì Olówóra, ọ̀nà kan wà tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí apá odò. Àwọn típà máa ń gba ibẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì máa ń já sílẹ̀ lára wọn. Òkúta yẹn kì í dúró lójú kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á yí lábẹ́ yín bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀wà gbígbẹ sórí sìmẹ́ńtì.

Olórí ẹgbẹ́ wa ni Bọ̀dá Rótìmí. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n ní Kétu, wọ́n sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gun ọ̀kadà kí wọ́n tó kọ́ṣẹ́ irun gígẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ béèrè irú táyà tó dára fún òkúta wẹ́wẹ́. Mo dáhùn. Mo ní kí táyà náà fẹ̀, kí eyín rẹ̀ ga, kí àlàfo sì wà láàárín eyín kan sí èkejì, kí ó lè wọnú òkúta kó sì dì í mú. Mo ní kí wọ́n má fẹ́ ẹ le jù, torí táyà tó bá le koko á kàn máa ta lórí òkúta ni. Mo tún ní bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré tó dára lèèyàn rí, iwájú ni kó fi í sí. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, èèyàn ṣì lè gbá a padà. Bí iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ló kù.

Bọ̀dá Rótìmí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá gbọ́ Purofẹ́sọ̀ Táyà o! Ọmọ tí ò gun ọ̀kadà rí láyé ẹ̀! Ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀, àbúrò. Ẹ̀yìn náà ló ń gbé ìdí. Àbí iwájú nìwọ máa ń fi jókòó ní tìẹ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pàdánù orúkọ mi. "Purofẹ́sọ̀, omi dà?" "Purofẹ́sọ̀, wá bá wa lẹ túùbù."

Ẹ jẹ́ kí n wọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tí Bọ̀dá Rótìmí sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Lórí títì ọlọ́dà, pẹ̀lú èrò lẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà ló máa ń tètè jẹ. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Ọ̀nà ló yàtọ̀. Mo lè fi sùúrù ṣàlàyé ìyẹn fún wọn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbínú ni mo ń tọ́jú.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bọ̀dá Rótìmí fẹ́ pààrọ̀ táyà wọn. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ṣùkúrà, tó ń ta táyà báísíkù tòkunbọ̀ l'Ówódé Onírin, torí ọ̀dọ̀ bàbá náà ni mo ti ra tèmi.

Bàbá Ṣùkúrà túlé túlé, ẹyọ kan péré ni wọ́n rí tí eyín rẹ̀ ga. Èkejì, eyín rẹ̀ kúrú, ó sì fún mọ́ra bí hóró lára àgbàdo. Kò ní àbùkù kankan o. Ọ̀nà tó le, tó sì tẹ́jú, ni wọ́n ṣe é fún.

Bàbá náà ní, "Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjà mi ń bọ̀ lọ́nà, màá bá yín wá ìkejì ẹ̀."

Bọ̀dá Rótìmí ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ bá mi fi eléyìí tí eyín ẹ̀ ga sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ìyẹn síwájú. Kẹ́ ẹ sì fẹ́ méjèèjì kó le gan-an." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Àbí, Purofẹ́sọ̀? Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Mo ti ro ìbéèrè yẹn títí. Ó lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Wọ́n ń wò mí lójú. Mo gbà pé wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì mi.

Mo tẹrí ba. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, sà."

Inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìdáhùn mi kà. Kò sí àgbàlagbà tó máa rí àléébù níbẹ̀. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Ọ̀wọ̀ ni mo fi bo ìkà mọ́lẹ̀. Mo ti fi irú táyà eléyín kúkurú bẹ́ẹ̀ síwájú rí ní ojú ọ̀nà yẹn gan-an. Ó yọ̀ lábẹ́ mi ní kọ́nà tó wà nísàlẹ̀, bí kì í bá ṣe pé mo ń rọra lọ ni, ǹ bá ti ṣubú. Mo mọ kọ́nà náà. Mo sì mọ̀ pé Bọ̀dá Rótìmí kì í rọra lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró sẹ́yìn wọn. Mo fẹ́ rí i. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣèṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣubú sínú eruku, kí gbogbo ẹgbẹ́ fi wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe tan ara mi nìyẹn, bíi pé ẹni tó bá ti èèyàn lè yan ibi tó máa ṣubú sí.

Wọ́n dé kọ́nà. Táyà iwájú sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fi èjìká ọ̀tún balẹ̀ sórí òkúta, mo sì gbọ́ ìró eegun láti ibi tí mo wà. Akoto tí wọ́n dé ló gba orí wọn sílẹ̀.

Ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, "Mo sọ ọ́!" Mi ò tíì dárí ji ara mi lórí ìyẹn.

Eegun náà ti jinná, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gòkè dáadáa mọ́. Kò dé orí ẹni tó bá jókòó sórí àga onígbàjámọ̀. Nísinsìnyí, orí àpótí kékeré bíi ti alágbàfọ̀ ni wọ́n ń ní kí àwọn oníbàárà jókòó sí, tí orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Níṣojú mi ni ọkùnrin kan ti sọ pé, "Bọ̀dá, ṣé irun lẹ fẹ́ gẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ gbẹ̀bí mi?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Rótìmí náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ nìkan lo ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí, àbúrò. Ọmọ dáadáa ni ẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mì?

Ibi tí ìbínú mi ti kúrò lórí èmi nìkan rèé. Kò sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó yẹ táyà yẹn wò. Èmi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò bẹ́, kò ya, afẹ́fẹ́ ò jò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní ayédèrú ni bàbá yẹn tà fún wọn, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di òótọ́. Wọ́n ya fọ́tò ìsọ̀ Bàbá Ṣùkúrà, wọ́n ń pín in kiri. Àwọn kan lọ bú bàbá náà níwájú oníbàárà. Bàbá tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Bàbá yìí búra títí, wọn ò gbọ́. Àwọn kan náà tó fi mí rẹ́rìn-ín láìbéèrè ẹ̀rí ló tún fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu arúgbó láìbéèrè ẹ̀rí.

Wọ́n wá ní, "Purofẹ́sọ̀ Táyà ni kó bá wa sọ̀rọ̀ níwájú alága ọjà. Òun ló mọ̀ ọ́n." Orúkọ tí wọ́n fi bú mi ti wá doyè. Ó ń bí mi nínú débi pé mo fẹ́ pariwo.

Mo ti ro ohun tí màá sọ. Mo lè ní, "Táyà náà kò ní àbùkù. Ibi tí wọ́n fi sí ni kò tọ́." Òótọ́ ni. Yóò gba Bàbá Ṣùkúrà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: gbogbo ẹ̀bi á ṣubú lé ẹni tó ti di aláàbọ̀ ara, èmi á sì jáde níbẹ̀ ní mímọ́. Ìdajì òótọ́ ni, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mi ò fẹ́ lò ó mọ́.

Nítorí náà, màá sọ ọ́ tán. Màá sọ pé mo mọ̀, wọ́n bi mí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́. Ibi tí mo ti ń fẹ́ ìmọ̀ràn yín nìyí.

Bí mo bá dúró di Sátidé kí n tó sọ ọ́, níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn ni Bọ̀dá Rótìmí á ti gbọ́ ọ. Mo bẹ̀rù pé apá kan nínú mi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sì kọ́kọ́ lọ bá wọn ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n lè ní kí n pa á mọ́, pé ojú á ti àwọn. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, ọwọ́ wọn ni mo sì bà jẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ fún wọn pé rárá. Bàbá Ṣùkúrà á sì pàdánù ìsọ̀ rẹ̀.

Ẹni méjì ni mo ṣẹ̀, orúnkún mi ò sì lè wà níwájú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí Sátidé tó dé, ẹ bá mi dá sí i: ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún?