Orúkọ Òkú tí Mo Jẹ́ ní Kumasi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi kí n tó lọ́kọ, ọkọ mi gan-an kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n lanu.

Ọmọ Òkukù ni mí, Ìkìrun ni mo lọ́kọ sí. Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge, mo wáṣẹ́ lọ sí Kumasi, ní Gánà. Ẹni tí mo bá lọ já mi jù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo gbọ́ nínú èdè Twi wọn: "nsuo", ìyẹn omi, àti "bra", ìyẹn máa bọ̀.

Mo yà sẹ́nu ọ̀nà màmá arúgbó kan láti tọrọ omi. Ojú wọn ti fọ́. Bí wọ́n ṣe gbóhùn mi, wọ́n ní, "Akosua?" Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo dáhùn.

Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé Akosua lọmọ wọn tó bómi lọ, tí wọn kò rí òkú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀, mo sì ń jẹ́ orúkọ náà lọ.

Wọ́n ń bọ́ mi, orí ẹní ọmọ wọn ni mo ń sùn. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́ èdè. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò dán, wọ́n á mirí: "Báyìí kọ́ lo ṣe máa ń sọ ọ́." Màá tún un sọ títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Obìnrin kan sọ fún mi pé ohùn Akosua gan-an ló ń jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ilé ọ̀fẹ́ dùn.

Nígbà tí ìyá mi ránṣẹ́ pè mí wálé, n kò lè sọ òtítọ́. Mo ní, "Mereba", mò ń bọ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ ra iyọ̀. N kò padà. Obìnrin àdúgbò yẹn ló pè mí lórí fóònù pé ẹnu ọ̀nà yẹn ni màmá ń jókòó sí títí wọ́n fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà Inísà, lọ́sàn-án gangan, ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi: "Akosua, bra!" Àwọn àgbà ní a kì í jẹ́ ìpè tí a kò rí ẹni tó pè wá. Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó ronú. "Mereba." Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wàyí, ọmọ mi obìnrin ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó dìde, ó ní, "Mereba." Ẹ jọ̀ọ́, n kò kọ́ ọ ní Twi rí. Mo bi í pé:

"Ta ló pè ẹ́?"

"Màmá kan ni, mọ́mì. Wọ́n wà lẹ́nu géètì. Ojú wọn ò ríran."

Mo sáré débẹ̀. Géètì wà ní títì, kò sí ẹnì kankan.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bẹ̀bẹ̀ níbi sàréè wọn ni, àbí kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ọkọ mi? Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa ṣọ́ ọmọ? Ó ti ń dá sọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ ṣáá. Láàárọ̀ yìí, mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ó ní, "Màmá yẹn ni. Wọ́n ní báyìí kọ́ ni mo ṣe máa ń sọ ọ́."