Ibà Tí Kò Ṣe Mí ní Ọjọ́ Ọ̀wẹ̀ Àna Àyìndé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Irọ́ kan wà tí mo pa nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Mo ti gbé e títí irun mi fi funfun. Ìyàwó mi kò mọ̀, àwọn ọmọ mi kò mọ̀. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan wá kí mi láti Ifangni, iṣẹ́ tó jẹ́ fún mi kò sì jẹ́ kí n gbádùn mọ́.

Ọmọ Ìlaròó ni mí. Nígbà tí Dahomey, tí wọ́n ń pè ní Benin báyìí, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, wọ́n gbà mí sí ilé ìwé kan ní Ifangni lọ́hùn-ún pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, èmi kò sì gbọ́ ju "bọ̀n" àti "mẹ̀sí" lọ. Yorùbá tiwọn pàápàá máa ń lọ́ mọ́ mi létí níbẹ̀rẹ̀. Àárò ilé sọ mí gan-an. Mo ti ń di ẹrù mi.

Àyìndé ni kò jẹ́ kí n sá. Àgbẹ̀ ni, ẹgbẹ́ mi ni, ó ń gbé epo pupa gba ẹnubodè Igolo lọ tà ní Ìdìrókò. Ó wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kí n kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì tí òun á fi máa kí àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ wa. "Gúdù mọ́nì" nìkan ló wọ̀ ọ́ lórí. Àárọ̀ o, ọ̀sán o, alẹ́ o, "Gúdù mọ́nì, Tíṣà!" ni. Mo bá a wí títí, ó sú mi. Ó ní ilẹ̀ kì í ṣú láàárín ọ̀rẹ́.

Òun náà kọ́ mi ní oko ríro. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o, n kò mọ̀ ọ́n rárá. Ebè tí mo bá kọ máa ń dà bí ilẹ̀ tí adìẹ fẹsẹ̀ tú. Ìyá rẹ̀ ń fi ẹ̀kọ ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀, ó ń pè mí ní ọmọ òun. Mo gbádùn ìlú yẹn, kí n má purọ́. Mo ti purọ́ tó.

Àyìndé ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Tchaada, Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: ọkọ ìyàwó á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá ìyàwó. Wọ́n gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí oòrùn tó mú, ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọkọ́ lélẹ̀. Bàbá Àṣàkẹ́ dá ọjọ́. Àyìndé ní èmi ni òun máa mú ṣíwájú, kí àna òun lè rí i pé òun ní tíṣà lọ́rẹ̀ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Àwọn àbúrò Àṣàkẹ́ ló máa gbé oúnjẹ wá sóko, ọ̀kan nínú wọn sì wù mí. Nínú ṣòkòtò funfun ló máa ń rí mi, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mùsíé." Mo ní bó bá fi lè rí ebè mi, mo tẹ́. Bí mo bá sì ní n kò lọ, ọ̀rẹ́ tán nìyẹn. Àìsàn nìkan ló lè gbà mí.

Nígbà tí Àyìndé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ ọ̀wẹ̀, mo ti da aṣọ bora, mo ń gbọ̀n, mo ń kérora. Mo rò pé wọ́n á kàn ní "pẹ̀lẹ́," wọ́n á sì máa lọ. Áà! N kò tíì mọ Àyìndé. Ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí, ó ní kí àwọn yòókù lọ dúró de òun létí oko. Ó ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ìyá rẹ̀ kò sí níhìn-ín. Bó bá kú sí wa lọ́wọ́, kí la máa wí?" Ó gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń tì mí lọ sílé ìwòsàn, ó ń làágùn, ó ń sọ pé, "Tíṣà, má sùn o." Mo fẹ́ sọ òótọ́. Ìtìjú mú kí n tún kérora.

Nọ́ọ̀sì wò mí lójú, ó mọ̀. Kò tú mi fó. Ó kàn mú abẹ́rẹ́ tó nípọn jù lọ jáde, ó ní, "Bọ̀n, ẹni tí ibà bá ń ṣe, á gba abẹ́rẹ́." Mo gbà á. Àyìndé kò kúrò níbẹ̀ títí mo fi ní ó ti ń sàn.

Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé Tchaada. Ó ṣàlàyé, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá Àṣàkẹ́ ní, "Àlejò lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ọmọ mi?" Ó ní kí wọ́n kó ọkọ́ wọn, kí wọ́n máa lọ.

Nírọ̀lẹ́, Àyìndé yà lọ́dọ̀ mi kó tó délé. Ọkọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀, kò sí erùpẹ̀ kankan lára rẹ̀. "Gúdù mọ́nì, Tíṣà. Ara ńkọ́?" Mo ní ó ti fúyẹ́. Ó ní, "A dúpẹ́." Lẹ́yìn náà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó sọ ohun tójú rẹ̀ rí, ó sì sunkún. Èmi tí mo fa ẹkún ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Kí ọdún tó yí, wọ́n ti fi Àṣàkẹ́ fún ọkùnrin kan ní Banigbé. Àyìndé fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tó yá, ó bímọ. Mo padà sílé, àmọ́ a kò fira wa sílẹ̀. Kò sí ọdún tí epo rẹ̀ kì í dé Ìlaròó. Kò fi ọjọ́ yẹn bú mi rí.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ni àlejò tí mo ní ó wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi ní kí ẹ wá síbi ìgbéyàwó mi. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kí ẹ bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí ẹ sọ ìtàn ọjọ́ tí ibà fẹ́ pa yín, kó lè mọ bí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún Àyìndé ní kọ̀rọ̀ kí àwọn èèyàn tó pé? Ṣé kí n pa irọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, lójú ọmọ rẹ̀? Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ju bí mo ti lè wí lọ. Ìyàwó ló fi ra ọ̀rẹ́ tó bá mi ṣe.

Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ fún ọmọ náà pé bóyá n kò ní lè wá, pé ara mi kò yá. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní bàbá òun ti ní mo lè wí bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ní kí ẹ má ṣèyọnu. Kẹ̀kẹ́ ṣì wà. Wọ́n ní àwọn á wá gbé yín."