Èmi Ni Mo Wa Mọ́tò Tuntun Àbúrò Mi Wọ Inú Àgbàrá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ kú ìfaradà ọ̀rọ̀ wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka tàwọn ẹlòmíràn níbí, mo sì máa ń dá wọn lẹ́jọ́ láìfòyà. Lónìí, tèmi ni mo gbé wá. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ṣe ohun kan, mo fi pamọ́, ẹlòmíràn ló sì ń jìyà rẹ̀ títí di òní. Ọmọ kékeré kan ló bèèrè ọ̀rọ̀ kan lójú mi láìpẹ́ yìí. Láti ìgbà náà, mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́.

Mo ti yí orúkọ àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni n ó ṣe sọ ọ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ wẹ ara mi mọ́.

Ìsàlẹ̀ Òsì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo padà sí nígbà tí ọkọ mi kú. Kọ́tìn àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ni mò ń tà l'Ọ́jà'ba. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń wa mọ́tò ní agboolé wa nígbà náà, mo sì máa ń fi yangàn.

Mùfú ni àbúrò mi ọkùnrin. Ìyá kan náà ló bí wa. Ó máa ń lọ ra ọjà ní Kánò wá tà níbí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ọlọ́run ṣe é lóore, ó ra mọ́tò. Kì í ṣe tòkúnbọ̀ o. Tuntun nínú ọ̀rá ni. Ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀ nígbà tó gbé e wọlé. Ìyá wa fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára, ó ní, "Mùfú, Ọlọ́run Ọba á jẹ́ kó tọ́jọ́ lọ́wọ́ ẹ." Gbogbo wa ṣe àmín.

Kò pẹ́ sígbà náà tó fi rìnrìn àjò. Kò fẹ́ gbé mọ́tò tuntun lọ sọ́nà jíjìn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá wa, ó sì sọ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má wà á. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo fẹ́ gbé kọ́tìn lọ fún oníbàárà mi kan. Mọ́tò tèmi, àlòkù tí ọkọ mi fi sílẹ̀, wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyá wa ti lọ sí àsàlátù. Rófíà, ìyàwó Mùfú, ti lọ kí bàbá rẹ̀ ní Ìdí Arẹrẹ. Mo wo mọ́tò tuntun níbi tí wọ́n fi tapólì bò ó sí. Mo ní, ṣé èmi ni n ó máa di ẹrù mọ́ ọ̀kadà nígbà tí mọ́tò jókòó sílé? Mo wọ yàrá ìyá wa, mo mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo fẹ́ ba nǹkan ọmọ ìyá mi jẹ́. Kò sí lọ́kàn mi rárá. Mo mọ mọ́tò í wà. Mo gbé kọ́tìn dé ọ̀dọ̀ oníbàárà láìsí wàhálà. Ìgbà tí mò ń bọ̀ ni òjò dé.

Nígbà tí mo dé Bẹyẹrunká, gọ́tà ti kún, omi ti gba ojú títì. Ọlọ́kadà kan dúró. Onímọ́tò kan ṣẹ́rí padà níwájú mi. Èmi ní mi ò ní padà, mo ti wa àlòkù mi kọjá irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹná mọ́ ọn. Mo ti dé àárín kí n tó rí i pé omi ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Àwọn ọkùnrin kan bá mi tì í jáde. Mẹkáníìkì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ fítà rẹ̀, omi ń kán tótó lára rẹ̀. Ó ṣe é títí, ó jàjà gbéra. Ó ní, "Màámi, ẹ má wà á kọjá ilé o. Ẹ gbé e padà fún àwọn tó tà á fún yín, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ó mu omi. Tí wọ́n bá tètè mọ̀, wọ́n á rí i ṣe."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò ṣe é.

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan tí oníbàárà mi kò rà ni mo fi nu ibi tí omi dé nínú rẹ̀. Mo gbé e padà síbi tó wà, mo fi tapólì bò ó, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó. Ìyá wa kò tíì dé. Òjò ti lé gbogbo èèyàn wọlé, kò sẹ́ni tó rí mi.

Lọ́jọ́ kejì, Rófíà gbọ́ pé ọkọ òun ti wà lọ́nà. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá wa, ó ní òun fẹ́ tọ́jú mọ́tò kí olówó rẹ̀ tó dé. Ó rí ẹrẹ̀ lára táyà, ó rò pé òjò ló ta á sí i. Ó fa ọ́ọ̀sì jáde, ó fọ mọ́tò náà lójú gbogbo agboolé. Àwọn àgbà ń yìn ín pé ìyàwó rere ni. Èmi jókòó lójú wíńdò mi, mò ń wò ó bó ṣe ń fọ ẹrẹ̀ tí mo kó wálé dànù.

Mùfú dé, inú rẹ̀ dùn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìyọnu fi bẹ̀rẹ̀. Iná kan tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Mọ́tò ń gbọ̀n bó bá dúró lójú kan. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ jíà, á ta gìrì. Ó gbé e padà fún àwọn tó tà á, wọ́n pa iná náà, wọ́n ní kó máa lọ. Iná tún tàn. Ó tún gbé e lọ. Ó wá di ọjọ́ kan tó gbé ìyá wa sẹ́yìn, tí wọ́n ń gun òkè Mápó, mọ́tò náà kú lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Àwọn ọlọ́jà pariwo, wọ́n sáré fi òkúta ti táyà rẹ̀. Nígbà tí ìyá wa wọlé, èmi ni mo gbé omi sí i lẹ́nu.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú mọ́tò náà. Mo ní, báwo ni n ó ṣe bẹ̀rẹ̀?

Nígbà tí àwọn tó ta mọ́tò tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti mu omi. Wọ́n ní wáráńtì kò ká irú ìyẹn, pé ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló ti wá. Mùfú yarí. Ó búra pé mọ́tò òun kò wọ omi rí, ó pè wọ́n ní onírọ́, ó ní òun á gbé wọn lọ sórí rédíò. Kò parọ́ níwọ̀n ohun tó mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹnì kan nínú agboolé sọ pé, "Ṣé kì í ṣe ọjọ́ tí ìyàwó ẹ fọ̀ ọ́ ni?"

Wọ́n pe Rófíà síwájú ìyá wa. Ó kúnlẹ̀. Ó ní ara mọ́tò nìkan ni òun fi omi fọ̀, pé omi kò kan ẹ́ńjìnnì. Mùfú ń wò ó, mo sì rí i pé ó fẹ́ gbà á gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà gan-an nìyí. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan. Mo lè panu mọ́. Èmi ni mo la ẹnu mi, mo fi ohùn ẹni tó mọ̀ nípa mọ́tò bèèrè pé, "Rófíà, ṣé o ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò mọ irọ́ í pa. Ó ní, "Mo ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ gbígbẹ ni mo fi nu ìdọ̀tí ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. "Ó ṣí i!" ni gbogbo ilé ń wí. Mùfú dìde, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Ó ta mọ́tò náà ní ìtàkutà. Kò lu ìyàwó rẹ̀, kò sì lé e. Ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ju káàárọ̀ lọ. Nígbà tó sú Rófíà, ó pọn ọmọbìnrin wọn, ó gba Ìdí Arẹrẹ lọ. Àwọn àgbà ló bá wọn parí rẹ̀. Ìgbà tó fi máa padà dé, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ: Ìyàwó Afọ-ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi pè é. Bí fíríìjì bá kọṣẹ́, Mùfú á kọ́kọ́ wojú rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹnì kan á ní, "Rófíà, o ò fọ̀ ọ́ ṣá?" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Mo ń tọ́jú rẹ̀ o. Kò sí ọdún Iléyá tí mi ò fún un ní kọ́tìn tuntun. Ó máa ń sọ fáwọn èèyàn pé nínú gbogbo ẹbí ọkọ òun, èmi ni ìyá òun. Tó bá ti wí bẹ́ẹ̀, mo máa ń wá nǹkan ṣe nínú yàrá.

Lọ́dún yìí, Mùfú tún ra mọ́tò tuntun. Gbogbo wa yí i ká lọ́jọ́ tó gbé e wálé, a ń ṣàdúà. Rófíà dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò sún mọ́ ọn. Ìyá wa wá fi àwàdà sọ pé, "Rófíà, jọ̀ọ́, jẹ́ kí omi jìnnà sí tibí yìí o." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu èmi náà nígbà tí ọmọbìnrin wọn fa aṣọ ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmi, kí lẹ ṣe fún mọ́tò Dádì?"

Rófíà ní, "Mo bà á jẹ́ ni, ọmọ mi."

Ó gbà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Mo fẹ́ ra tèmi tó bá yá, kékeré. Tèmi tí mo lè fọ̀."

Mo gbà. Pápá ilé ìwé kan ni mo ti fi àlòkù mi kọ́ ọ, lọ́sàn-án Sátidé. Ó gbọ́ ẹ̀kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì tí a lọ, mo ní kó dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí kọ́kọ́rọ́ tí mo mú lórí ìṣó títí dé Bẹyẹrunká. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀.

Ó pa mọ́tò. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí ẹ bi mí nípa bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣé ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

Mo ní, "Mo ti mọ̀."

Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ì bá sàn fún mi. Ó ní, "Nígbà tó yá, èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá omi ta sí i tí mi ò rí i."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko níbẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ dáadáa. Ó sáré bọ́ sílẹ̀, ó fà mí dìde, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé bí Mùfú bá ti ti Kánò dé, n ó sọ ọ́ níwájú rẹ̀, níwájú ìyá wa àti gbogbo àwọn tó ń pè é ní Afọ-ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún un."

Mo ní kí ló dé.

Ó ní, "Tí ẹ bá sọ fún un, á gbà yín gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, mo sọ òótọ́, kò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀yin jẹ́rìí sí mi ni ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé mi kì í ṣe onírọ́. Mò ń retí kó gbà mí gbọ́ fúnra ẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ó padà sídìí sítíárìn, ó ṣáná sí mọ́tò, ó ní kí n jẹ́ ká máa bá ẹ̀kọ́ wa lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Kí Mùfú bínú sí mi, mo ti gbà. Kí ìyá wa gégùn-ún, kí agboolé wá fún èmi náà lórúkọ tiwọn, mo lè gbé e. Bí ẹ bá bi mí, n ó ní kí n sọ ọ́, nítorí ọmọ tó ń dàgbà, tó rò pé ìyá òun ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹnu mi ṣe ìpinnu fún Rófíà rí, láìbi í. Tí mo bá tún sọ̀rọ̀ nígbà tó ní kí n má sọ ọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mò ń jẹ́wọ́ ni, àbí ara mi ni mò ń tù?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Mùfú ń dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé ọkọ, ẹ̀yin tí wọ́n ti purọ́ mọ́ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n gbọ́ràn sí lẹ́nu, Rófíà tó ní kí n dákẹ́, àbí ọmọ rẹ̀ tó bèèrè?