Oògùn Tí Mo Ní A Kì Í Lò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi, nítorí mo ti bú ara mi ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè bú mi lọ. Oṣù kẹrin rèé tí a sin ọkọ mi. Gbogbo àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó ló ń sọ pé dókítà ló pa Tíṣà, èmi tí mo mọ òótọ́ sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé irú mi tún wà láyé?

Olùkọ́ ni ọkọ mi, ó ń múra ìdánwò tí yóò gbé e wọ yunifásítì. Bó bá ti ilé ìwé dé tó jẹun tán, orí ìwé ni oorun ti ń gbé e lọ. Èmi ni mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ìrẹsì Ìgbẹmọ lọ sí òkè Ọya. Ó ní ṣé nǹkan tí mo ń torí ẹ̀ dààmú náà nìyẹn, ó fún mi ní hóró funfun tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń lò kí wọ́n má bàa sùn nídìí ọkọ̀. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe. Ọ̀kan ni ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìdánwò fi máa ku ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́ta ló ń gbé mì lóòjọ́. Kò jẹun mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rí i, mo sì ń fún un lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó di àyà mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òógùn bò ó. Takisí ló gbé wa dé ọsibítù. Dókítà ọ̀dọ́ kan, ọmọ Ìbàdàn, ní ọkàn rẹ̀ ń sáré jù, òun fẹ́ fún un ní ohun tí yóò mú un dẹwọ́. Ó wá bi mí pé ṣé ó ti lo oògùn kankan. Ìyá Ìjọ wa ti gbọ́, wọ́n ti sáré dé, wọ́n dúró tì mí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ti pe oògùn báyìí, ońdè àti àgbo ló ń sọ sí wa lọ́kàn. Inú bí mi.

“Dókítà, a kì í lo oògùn ní ulé wa. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wá.”

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá sọ pé èdè ló yà wá. Ṣùgbọ́n dókítà tún un bi. “Ẹ má bínú, Mà, kì í ṣe ti ońdè ni mò ń sọ. Hóró ńkọ́? Tó bá ti gbé nǹkan tó ń lé oorun mì, èyí tí mo fẹ́ fún un yìí lè bá a jà.” Kedere ló sọ ọ́. Ọkọ mi ò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó wò mí. Hà, ó wò mí! Èmi wo Ìyá Ìjọ, mo ronú ohun tí wọ́n máa sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá gbọ́ pé hóró àwọn dẹ́rẹ́bà ni Tíṣà ń gbé mì, àti pé èmi ni mo ń fún un. Mo ní rárá. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí ìrora náà fi le sí i, tó ń fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú.

Àwọn ẹbí ọkọ mi kọ̀wé ẹ̀sùn, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ti gbé dókítà náà kúrò ní Adó.

Àná ni ẹ̀gbọ́n mi yà sílé mi. Ó ń lọ sí Kánò lónìí, ó ní ti òun ti tán, ṣé hóró yẹn ṣì kù lọ́wọ́ mi. Ó ti rù. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fọwọ́ ra àyà. Ó ní àyà ń fún òun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má dààmú, ìyá wa ti bù fún òun nínú oògùn ọkàn tí wọ́n ń lò, èyí tó ń mú ọkàn dẹwọ́, òun máa gbé e mì kí òun tó gbéra. Mo ní kó padà yà láàárọ̀ òní kó tó gbéra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, tí dókítà bá bi yín ní nǹkan, ẹ jẹ́ kójú tì yín, kí ẹ sì dáhùn. Ìyẹn ni mo lè sọ fún yín. Èmi ńkọ́? Bí mo bá kìlọ̀ fún un, yóò bi mí bí mo ṣe mọ̀, kò sì sí bí kò ṣe ní dé etí ẹbí ọkọ mi. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè sọ, mo ń gbọ́ họ́ọ̀nù ọkọ̀ rẹ̀ níta.