Iṣu Ìkíni Tí Mo Sọ Di Ìṣákọ́lẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún ìmáàmù wa. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ tún ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá, ìyá àgbà kan sì ti búra pé òun ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ni mo fà á.

Akọ̀wé lẹ́tà ni mí ní Ibafo. Ẹni tí kò mọ̀wé, tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ l'Ékòó tàbí kó kọ̀wé sí ìjọba, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Akọ̀wé ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Kí n má parọ́, orí mi máa ń wú tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gba ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ di wúrà. Oko tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò tẹ́lẹ̀, ìdílé mẹ́ta ló ń jà sí i. Ìgbà yẹn ni àwọn lọ́yà kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Èkó ní Sátidé. Wọ́n ń jókòó sí kíláàsì kan nílé ìwé wa, wọ́n ń bá tálákà ṣe ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ènìyàn bá gbé ọsàn lásán wá fún wọn, wọ́n á ní kó gbé e padà. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti apá Bìní, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀ fún un, èmi náà ni mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn sílẹ̀ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ibẹ̀ ni Ìyá Rábí wá bá wa. Opó ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Mowe. Ìdílé ńlá kan ló sọ pé ilẹ̀ oko rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, pé àwọn kàn fún bàbá ọkọ rẹ̀ láyè kó máa dáko níbẹ̀ ni. Ìyá ní irọ́ ni, wọ́n fún bàbá ọkọ òun pátápátá ni. Ó wá ní, "A ò bá ara wa jà rí o, Akọ̀wé. Tí iṣu tuntun bá ti jáde, mo máa ń ru iṣu ìkíni lọ fún baálé wọn lọ́dọọdún. Ọmọlúàbí là á jẹ́."

Iṣu ìkíni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò le létí yín, àbí? Àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ojú sì ń tì mí láti béèrè lọ́wọ́ lọ́yà, kó má baà mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì Akọ̀wé ò jìnnà. Ni mo bá kọ èyí tí mo mọ̀, èyí tí àwọn onílẹ̀ máa ń ní kí n kọ sínú ìwé wọn. Mo kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé iṣu kí ènìyàn, aládùúgbò ni. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, àlejò orí ilẹ̀ ni, ó ti gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Lọ́yà wo ọ̀rọ̀ náà, ó bi mí bóyá ohun tí ìyá sọ nìyẹn lóòótọ́. Mo ní ó dá mi lójú, sà.

Òfin wọn ni pé kí ẹni tí kò mọ̀wé tó tẹ̀ka, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ ka ìwé náà sí i létí ní Yorùbá, kó sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pé òun kà á, ó sì yé e. Mo gbé ìwé sókè, mo ṣe bí ẹni ń kà á. Ohun tí ìyá sọ ni mo ń sọ padà fún un, kì í ṣe ohun tí mo kọ. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ọmọ mi." Ó tẹ̀ka. Mo fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ pé ó lè ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, èrò ṣì pọ̀ níta. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, àṣìṣe ni ì bá jẹ́.

Nígbà tí ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù l'Abẹ́òkúta, lọ́yà ìdílé yẹn fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ó ní ìyá fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ pé òun ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ìyá fò dìde. "Èmi kẹ̀? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o! Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!" Wọ́n pè mí wá jẹ́rìí. Mo fi Kùránì búra. Adájọ́ bi mí bóyá mo ka ìwé náà sí i létí bó ṣe wà.

Mo fẹ́ sọ òótọ́, Ọlọ́run gbọ́. Àmọ́ mo rí àwọn ará Ibafo tó jókòó síbẹ̀, mo rò ó pé wọn ò ní pè mí ní Akọ̀wé mọ́, pé wọ́n lè tì mí mọ́lé pàápàá. Mo ní, "Mo kà á, Olúwa mi. Ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni."

Bí mo ṣe sọ ìyá di òpùrọ́ lójú gbogbo ayé nìyẹn. Wọ́n gba oko náà, tòun ti ibojì ọkọ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń pa mí. Ìyá ò fura sí mi, ó gbà pé wọ́n tan èmi náà jẹ ni. Etí rẹ̀ ló fi gbọ́ ohun tí mo kà fún un, ó dára, kò sí ìṣákọ́lẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ó ní lọ́yà ọ̀fẹ́ wa ló lọ yí ìwé padà lẹ́yìn. "Ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láyé yìí? Wọ́n ti rà á!" Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Mowe àti Ibafo, ó dé Ifo. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, àwọn obìnrin hó lé lọ́yà náà lórí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ó yíjú sí mi, ó ní kí ni wọ́n ń wí. Mo ní inú ló ń bí wọn nítorí ẹjọ́. Kò padà wá mọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì gbà kí àwọn tó kù bá òun ṣe ẹjọ́ mọ́, ni àwọn náà ò bá wá mọ́.

Ìdílé yẹn tún ti fún ìyá níwèé báyìí pé kó kúrò nínú ilé tó ń gbé, pé orí ilẹ̀ kan náà ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè rìn jìnnà. Àwọn lọ́yà mìíràn gbọ́, wọ́n ní àwọn á wá gbà á sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn Iléyá. Ìyá ní kàkà kí òun tún tẹ̀ka sí ìwé lọ́yà ọ̀fẹ́, kí òun kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ nìkan ni mo gbà gbọ́ nínú gbogbo wọn. Bá mi kọ̀wé sí wọn pé mi ò fẹ́."

Mo kọ ọ́. Lẹ́tà náà wà lápò mi. Bí mo bá fún wọn, ìyá á di aláìnílé. Bí mo bá sọ òótọ́, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè mí, ọmọ márùn-ún ló sì ń jẹun lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bá a láti jẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó rò pé mo wá wo ara òun ni, ó ń ṣàdúrà fún mi àti àwọn ọmọ mi. Mo ń ṣe àmín, àmín. Mo bá padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n sọ òótọ́. Mo mọ̀ pé òun ló yẹ. Èmi tí mo ń bá gbogbo ìlú kọ lẹ́tà, mi ò rí gbólóhùn tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyá yẹn. Ẹ bá mi wá a, ẹ jọ̀ọ́. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.